Ààlè Orí Pápá Bàálù

Ohun tó máa ń jí mi láàárọ̀ ní Abà Eléwùrà kì í ṣe àkùkọ. Àdá Bàbá àgbà ni, tó ń pọ́n lórí òkúta lẹ́bàá ìkòkò omi, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tí kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Àlejò tó bá gbọ́ ọ á rò pé oko ni baba yìí ń múra àtilọ. Kì í ṣe oko. Oko wa wà lápá odò, koríko ibẹ̀ sì gùn ju bó ṣe yẹ lọ, Ìyá àgbà a sì máa sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá yà kí wa. Pápá bàálù ni Bàbá ń lọ, láti lọ gé koríko níbi tí bàálù kankan kò ti balẹ̀ sí láti ìgbà tí wọn kò tíì bí mi. Á fi àdá há abíyá, á dé fìlà rẹ̀, á ní, “Mo ń bọ̀ o.” Ìyá àgbà á dáhùn láti inú ilé ìdáná pé, “Ẹ bá mi kí wọn.” Kò sí ẹyọ ẹnì kan níbẹ̀ tí èèyàn lè kí.

Abà wa wà láàárín Ìlá àti Òkè-Ìlá, níbi tí ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ wá gbọ́dọ̀ ti sọ̀kalẹ̀ kó máa tì í. Bàbá mi, Jósẹ́ẹ̀fù, ń ṣe tíṣà ní Ìlá. Ilé tí ilé-ìwé fún òun àti ìyá mi kò gba gbogbo wa, wọ́n sì wá fi mí ránṣẹ́ sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀, wọ́n ní kí n lọ máa ràn wọ́n lọ́wọ́. Bí mo ṣe ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni pé wọ́n ń bọ́ mi. Mo ń gbálẹ̀, mo ń pọnmi, mo sì ń bá Ìyá àgbà rin ewùrà tó fi ń dín ọ̀jọ̀jọ̀. Bí epo bá ti ń hó nínú agbada, tí ọ̀jọ̀jọ̀ ń pariwo nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó ń jà nílé wa. Ìgbà tí a bá jẹun tán ni ìjà máa ń bẹ̀rẹ̀, ìjà náà kò sì ju ẹyọ kan ṣoṣo lọ: ti pápá bàálù.

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi rèé. Àwọn òyìnbó kan wá, wọ́n ní ilẹ̀ tó tẹ́jú ni àwọn ń wá, tí bàálù kékeré lè balẹ̀ sí. Ilẹ̀ tó tẹ́jú kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa, olókè ni wá. Èyí tó wà, igi obì ti wà lórí rẹ̀, bàbá Ìyá àgbà ló sì gbìn wọ́n, tó sì ti fi wọ́n lé ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́ kó tó kú. Wọ́n gé wọn lulẹ̀ pátá. Wọ́n tẹ́ ilẹ̀ náà, wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n ri òpó gíga kan mọ́lẹ̀ ní ìgbẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì fi okùn fa aṣọ pupa kan gòkè sórí òpó náà, bí wọ́n ṣe ń fa àsíá nílé-ìwé. Bàálù wá lóòótọ́, kò pẹ́ kò jìnnà. Àwọn tó rí i ní ariwo rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn kò wá mọ́. Bàbá àgbà wà lára àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ koríko gígé, ọ̀gá wọn tó lọ kẹ́yìn sì pè é, ó nawọ́ sí pápá náà, ó ní, “Máa bá wa wò ó.” Ó wọ jíìpù rẹ̀, ó lọ. Kò sọ títí dìgbà wo.

Ní tiwa, kò sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣàlàyé òpó yẹn fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá kó igi ìdáná jọ sẹ́bàá ọ̀nà, tó bá so ìkarahun ìgbín kan mọ́ ọn, tàbí ẹyọ bàtà kan, tàbí àkísà pupa, ó lè lọ sùn fọnfọn. Ààlè ni. Ẹni tó bá fọwọ́ kan igi náà, ojú ara rẹ̀ ni yóò fi rí ohun tó bá rí. Ẹni tó so ààlè nìkan ló sì lè tú u, ì báà pẹ́ títí kí igi náà jẹrà síbẹ̀. Nígbà tí gbogbo abà wá rí i pé òyìnbó so aṣọ pupa kọ́ sórí òpó kí ó tó lọ, kò sí ẹni tó bèèrè ìtumọ̀. Kò sí ẹni tó gbin ata sórí ilẹ̀ náà. Ewúrẹ́ nìkan ló ń lọ síbẹ̀, torí ewúrẹ́ kì í ka ààlè sí. Nígbà tí aṣọ òyìnbó gbó, Bàbá fi àpò ìyẹ̀fun rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí àpò ìyẹ̀fun náà gbó, ó tún wá òmíràn. Ó ní wọ́n ní kí òun máa wò ó, ààlè ibẹ̀ sì wà lára ohun tí òun ń wò.

Ìyá àgbà kò fẹsẹ̀ kan pápá náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti gé igi bàbá rẹ̀. Bó bá ń lọ sódò, ọ̀nà ẹ̀yìn ni ó ń gbà, ọ̀nà tó jìn, tó sì ní èsìsì. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tí a kì í gba ọ̀nà tó yá. Ó ní ọ̀nà tó yá náà kò bá òun sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn balùwẹ̀, níbi tí omi ìwẹ̀ gbogbo ilé ń ṣàn gbà, ló ń tọ́jú àwọn ọmọ obì rẹ̀ sí. Inú agolo mílíìkì ni wọ́n wà, àti agolo òróró, àti ìkòkò tó ti sán. Ọdọọdún ló ń gbìn wọ́n, iṣẹ́ mi sì ni láti máa bomi rin wọ́n. Bí òjò bá dé, tí wọ́n bá tó gbé kúrò, á pín wọn fún àwọn aládùúgbò, torí oko Bàbá ti kún fún kòkó títí dé ibi tí ilẹ̀ ti ń rin fún omi, obì kò sì fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun máa tutù. Kò sí oko kan ní àyíká wa tí kò ní igi obì Ìyá àgbà nínú, àfi oko Ìyá àgbà. Àwọn èèyàn á kórè, wọ́n á bù díẹ̀ wá fún un, á dúpẹ́, á sì pa á mọ́ sínú igbá. Mo rò nígbà náà pé bẹ́ẹ̀ ni obì ṣe ń rí: ẹnì kan á gbìn ín, ẹlòmíràn á ká a. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ọdún tí mo ń sọ yìí, Ìyá Bọ́sẹ̀, aládùúgbò wa tó ní ewúrẹ́, wá bó ṣe máa ń wá, ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ìyá, ẹ kú ilé o. Mo wá gba tèmi.”

Ìyá àgbà kò gbójú sókè nínú ẹ̀gúsí tó ń bó. “Tìrẹ kò sí lọ́dún yìí.”

“Háà! Kí ló ṣẹlẹ̀ sí i, Ìyá?”

“Èmi náà ti wá gba tèmi.”

Ní àṣálẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí Bàbá jẹ iyán rẹ̀ tán tó ń fọwọ́, Ìyá àgbà jókòó síwájú rẹ̀. “Bàbá Jósẹ́ẹ̀fù, eyín mi ti ń dín kù. Mo fẹ́ jẹ obì tí mo fọwọ́ ara mi gbìn kí èyí tó kù tó lọ. Igi obì kì í ṣe àgbàdo, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbìn lónìí kí wọ́n jẹ ẹ́ lọ́la. Bí n kò bá gbìn ín lójò yìí, ta ló máa bá mi jẹ ẹ́? Ilẹ̀ bàbá mi ni mo fẹ́.”

Bàbá nu ọwọ́ rẹ̀. “Ààlè wà lórí rẹ̀.”

“Ẹ tú u.”

“Èmi kọ́ ni mo fi í lélẹ̀.”

“Ẹni tó fi í lélẹ̀ ti kú lọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀.”

“Ta ló sọ fún ọ?”

Kò sí ẹni tó sọ fún un. Bàbá dìde, ó gbé àga rẹ̀ wọlé. Kó tó wọlé, ó yíjú padà, ó ní, “Ìyá Jósẹ́ẹ̀fù, ẹyin lọ̀rọ̀. Mo ti ní màá wò ó.” Mo rí i lójú rẹ̀ pé kò dùn mọ́ ọn láti sọ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ ni. Ó kàn jẹ́ pé ó ti ṣèlérí fún ẹlòmíràn.

Bàbá mi wá láti Ìlá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Ìyá àgbà sì ti ránṣẹ́ sí i pé kó wá bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó, ó jẹun, ó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù tó fi ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé.

“Bàbá, aṣọ orí òpó yẹn kì í ṣe ààlè. Bí àpò tó ṣí lórí tó ṣí nídìí ni wọ́n ṣe rán an. Ẹni tó ń wa bàálù á wò ó láti òkè, á fi mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kí ó tó balẹ̀.”

Bàbá àgbà rò ó. “Ṣebí inú atẹ́gùn náà ló wà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Kò wá mọ ibi tó ń fẹ́ sí?”

“Ó le díẹ̀ láti òkè, Bàbá.”

“Mo gbà. Ó ń fi atẹ́gùn hàn. Ìgbálẹ̀ ńkọ́, kí ni ìgbálẹ̀ ń ṣe?”

“Wọ́n fi ń gbálẹ̀ ni.”

“Bí o bá rí ìgbálẹ̀ tí wọ́n so mọ́ igi ìdáná Baálẹ̀, ṣé wàá tú u kí o fi gbálẹ̀?”

“Rárá o, Bàbá.”

“Ó dáa. Jẹ ẹran rẹ.”

Bàbá mi jẹ ẹran rẹ̀. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn síwá sẹ́yìn láti ìgbà náà, ojú mi kò sì tíì rí ẹni tó jẹ̀bi nínú àwọn méjèèjì. Ìyá àgbà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní tirẹ̀ sọ pé, “Gbòǹgbò obì mi ti ń yọ nídìí agolo, ẹ jókòó ẹ ń sọ̀rọ̀ atẹ́gùn.” Òótọ́ ni. Mo ti rí i. Àwọn agolo tó ti dípẹtà ti ń là, gbòǹgbò funfun sì ti ń wá ilẹ̀ kiri lábẹ́ wọn. Bí wọn kò bá rí ilẹ̀ wọ̀ lójò yẹn, wọ́n á lọ́ mọ́ra wọn nínú agolo, wọ́n á sì kú.

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Baálẹ̀, ọkùnrin tó kúrú, tó fẹ́ràn áṣáà, tí kì í sì í yára sọ̀rọ̀. Ó pe gbogbo abà jọ sábẹ́ igi ọ̀sàn rẹ̀. Gbogbo wọn ló káàánú Ìyá àgbà. Wọ́n ní wọ́n mọ igi bàbá rẹ̀, wọ́n ní wọ́n jẹ nínú obì rẹ̀, àwọn kan nínú wọn ní obì rẹ̀ lápò bí wọ́n ṣe jókòó yẹn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, kò sì sí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ rere kan lẹ́nu tó ju ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀ lọ. Baálẹ̀ fín áṣáà, ó nu imú, ó dájọ́. “Ẹni tó bá ni ààlè ló ń tú ààlè. Ìyá Jósẹ́ẹ̀fù, mi ò lè yí i padà torí tìrẹ. Bí mo bá yí i padà, igi ìdáná ta ló kù tó máa dúró lẹ́bàá ọ̀nà?” Ìyá àgbà ní òun ti gbọ́. Ó kí wọn, ó dìde. Bí a ṣe ń lọ sílé, ó di ọwọ́ mi mú le gan-an. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé àgbà náà lè fẹ́ nǹkan títí kó dùn ún bó ṣe máa ń dun ọmọdé.

Mo gbọ́dọ̀ padà sẹ́yìn díẹ̀ kí n sọ ọ̀rọ̀ aṣọ. Ní ọyẹ́ tó ṣáájú òjò yẹn, afẹ́fẹ́ fa aṣọ orí òpó ya pátápátá, Bàbá sì jókòó sínú ahéré kòkó, ó ń fọwọ́ rán òmíràn. Ó ti rẹ ẹ́ sínú osùn kó lè pupa bíi ti òyìnbó. Mo bi í pé aṣọ kí ni. Ó ní aṣọ ni. Ní ọyẹ́ yẹn kan náà, aṣọ ìró kan sọnù lórí okùn tí Ìyá àgbà ń sá aṣọ sí. Àdìrẹ aláró ni, ó ní ẹyẹ lára, ẹyẹ tó ń ṣa àgbàdo jẹ, ìyá rẹ̀ ló sì rẹ aró rẹ̀. Ewúrẹ́ Ìyá Bọ́sẹ̀ ló fura sí. Ó bá Ìyá Bọ́sẹ̀ jà, ó sì bá ewúrẹ́ náà jà lọ́tọ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì bá a gbàdúrà sí i. Bàbá wà níbẹ̀, ó ṣe àmín. Èmi kò so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Aṣọ aláró ló sọnù, aṣọ pupa ló wà lórí òpó, ó sì tán lójú mi.

Òjò wá dé. Ojúmọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀, òjò ńlá tó ń lu páànù débi pé a kò gbọ́ ohùn ara wa, nígbà tó sì dáwọ́ dúró, ilẹ̀ ń rùn dáadáa, ilẹ̀ tó yẹ kí èèyàn gbin nǹkan sí. Ìyá àgbà lọ dúró sẹ́yìn balùwẹ̀, ó ń wo agolo rẹ̀. Bàbá ní kí n sáré lọ wò ó bóyá ààlè ṣì wà lórí òpó, torí afẹ́fẹ́ ti pọ̀ nínú òjò náà. Mo lọ, mo sì bọ̀. Iyán ni Ìyá àgbà ń gún lọ́wọ́ nígbà tí mo dé.

Bàbá ní, “Ṣé ó wà níbẹ̀?”

Mo ní, “Ó wà níbẹ̀, Bàbá. Ṣùgbọ́n ó ti ní ẹyẹ.”

“Ẹyẹ bà lé e ni?”

“Rárá, Bàbá. Ara aṣọ náà ló wà. Wọ́n ń jẹ àgbàdo.”

Ọmọ odó dákẹ́. N kò tíì gbọ́ kí ọmọ odó Ìyá àgbà dákẹ́ láàárín iyán rí, torí iyán tí a bá fi sílẹ̀ báyẹn á di kókó. Ó fi ọmọ odó ti ara ògiri. Ó wé gèlè rẹ̀ dáadáa, bí ẹni tó ń lọ sí ìsìn. Ó wo Bàbá, Bàbá sì ń wo àdá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jáde, ó sì gba ọ̀nà tó yá.

Kí a tó dé ibẹ̀, ìdajì abà ti wà lẹ́yìn wa, torí Ìyá Jósẹ́ẹ̀fù tó ń lọ sí pápá bàálù kì í ṣe ohun kékeré. Baálẹ̀ pàápàá ń bọ̀, ó ń fi ọ̀pá fo ẹrọ̀fọ̀. Ìyá àgbà rìn gba àárín pápá náà kọjá. Mo rí i tó ń wo ilẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, mo sì mọ̀ pé igi tí kò sí níbẹ̀ mọ́ ló ń wò. Ó dé ìdí òpó, ó gbójú sókè. Òjò ti fọ osùn kúrò, ó ti ṣàn pupa sílẹ̀ lára òpó, ẹyẹ ìyá rẹ̀ sì wà lókè, wọ́n ń ṣa àgbàdo jẹ lọ bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe.

“Bàbá Jósẹ́ẹ̀fù.”

“Hẹn.”

“Aṣọ mi nìyẹn.”

“Òun ni.”

“Ẹ wá jẹ́ kí n máa bá ewúrẹ́ jà.”

“N kò ní kí o bá a jà. Ìwọ lo bá a jà.” Bàbá yọ fìlà rẹ̀, ó fi nu ojú. “Aṣọ tó lágbára ni mo ń wá. Nínú ilé wa, tìrẹ ló lágbára jù.”

Ìyá Bọ́sẹ̀, tó wà nínú àwọn èrò, sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́ pé kí wọ́n bá òun tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ewúrẹ́ òun. Ìyá àgbà gbójú kúrò lára aṣọ náà. Ó yíjú sí Baálẹ̀.

“Baálẹ̀, ẹ ní ẹni tó bá ni ààlè ló ń tú ààlè.”

“Mo wí bẹ́ẹ̀.”

“Ti òyìnbó ti gbó, ó ti jẹrà, gbogbo wa la mọ̀. Èyí tó wà lókè yìí, ta ló ni ín?”

Baálẹ̀ wo aṣọ náà, ó wo Bàbá, ó tún wo aṣọ náà. “Ó dà bíi pé ìwọ ni.”

“Ṣé ẹni tó lẹ́rú kọ́ ló lẹ́rù? Èmi kò pe ọkọ mi lẹ́rú o, kí ẹnikẹ́ni má gbé e lọ síbẹ̀. Aṣọ ni mo ń sọ. Aṣọ mi ló wà níbẹ̀, ààlè mi ni. Mo wá tú u.”

Baálẹ̀ fín áṣáà. Ó nu imú. Ó ní, “Ẹ yà fún un. Ẹni tó ni ààlè ti dé.”

A yà fún un. Okùn náà ti wú nínú òjò, kókó rẹ̀ sì le, kò sì sí ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́, torí ẹni tó ni ín nìkan ló lè tú u. Gbogbo wa, títí kan àwọn ọkùnrin alágbára tó pọ̀ níbẹ̀, dúró, a ń wo ìyá arúgbó kan tó ń bá kókó okùn jà. Ó fi èékánná tú u, kò tú. Ó fi eyín tó kù sí i, kò tú. Bàbá ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó dúró síbi tó wà, ó ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, “Apá òsì, Àyọ̀ká. Apá òsì ni kó o ti fà á.” Ó fà á lápá òsì. Aṣọ náà sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó tẹ́ ẹ, ó rí i pé wọ́n ti gé e, wọ́n sì ti rán an bí àpò. Ó ní, “Ẹ wo ohun tí wọ́n fi aṣọ ìyá mi ṣe.” Ó gbé e tutù bẹ́ẹ̀ lé èjìká, ó ní kí n lọ gbé àwọn agolo wá.

A gbin obì náà lọ́jọ́ yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú. Iyán di kókó nínú odó, ẹ̀kọ la sì jẹ. Inú mi ì bá dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àkùkọ ló jí mi. Àkùkọ náà kò mọ iṣẹ́ ọ̀hún rárá. Bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò sí àdá lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe rí nìyẹn fún ọjọ́ mélòó kan. Ó ń jẹun díẹ̀, ó ń wo ọ̀nà tí jíìpù yẹn gbà lọ. Mo bá wọn jókòó nígbà tó sọ ọ́ fún Ìyá àgbà.

“Bó bá dé ńkọ́? Ọ̀gá yẹn. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un?”

“Ẹ ní kó wá bá mi.”

“Mo ní màá wò ó.”

“Ẹ ti wò ó. Ta ló wo nǹkan bẹ́ẹ̀ rí?”

Àánú Bàbá ṣe mí, ó sì ṣe mí títí di òní. Àwọn èèyàn ń fi í rẹ́rìn-ín pé ó ń ṣọ́ pápá tí kò ní bàálù, èmi náà sì ti fi í rẹ́rìn-ín níbí yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó fọkàn tán an kẹ́yìn nínú ayé rẹ̀ lọ́hùn-ún ni ọkùnrin inú jíìpù yẹn, kò sì fẹ́ kí ìyẹn parí sí ọwọ́ òun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo tún gbọ́ àdá lórí òkúta. Ìyá àgbà náà gbọ́ ọ, ó jókòó lórí ẹní, ó tún fetí sí i. Nígbà tí èmi àti òun dé pápá láti wo obì wò, a rí i pé wọ́n ti ro ìdí gbogbo wọn mọ́, yípo yípo, bí ẹni tó gé irun fún ọmọ. Igi kan tí wọ́n ri mọ́lẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ obì àkọ́kọ́, fìlà Bàbá sì wà lórí igi náà. Bàbá fúnra rẹ̀ wà lọ́nà ọ̀hún, ó ń gé koríko lọ láìdé fìlà, oòrùn ń pa á lórí.

Ìyá àgbà nahùn pè é. “Ta ló so èyí síbí?”

“Èmi ni.”

“Fìlà ta ni?”

“Tèmi.”

“Ó dáa. Ẹ ti wá mọ òfin.”

Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan obì náà. Wọ́n dàgbà. Nígbà tí wọ́n so àkọ́so, eyín Ìyá àgbà ti lọ tán, kò ku ẹyọ kan tó lè fọ́ obì. Bàbá mú ọ̀kan nínú àwọn agolo mílíìkì tí obì ti kọ́kọ́ hù, ó fi ìṣó lu ihò sí i kárí, ó fi rin obì náà fún un sínú àwo. Ó bù ú sẹ́nu, ó fi àjà ẹnu tẹ̀ ẹ́ pẹ́. A ń wò ó. Ó ní ó korò. Mi ò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé.

Àwọn méjèèjì ti lọ báyìí. Kí Bàbá tó lọ, gbogbo wa wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó nawọ́ sí apá ibi tí pápá wà, ó ní, “Ẹ máa bá mi wò ó.” A dúró bóyá ó máa sọ títí dìgbà wo. Kò sọ ọ́.

Láìpẹ́ yìí, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan gun ọ̀kadà wá láti Ìlá, wọ́n ní wọ́n ń wá pápá bàálù kan tó ti parẹ́. Èyí tó ṣe ọ̀gá nínú wọn, ọmọlúwàbí ni, ó dọ̀bálẹ̀ nínú bàtà òjò. Ó fi fóònù hàn mí bí ibẹ̀ ṣe rí láti òkè ọ̀run: igbó yí i ká, igi obì sì tò lọ tààrà láàárín rẹ̀ bí ìlà tí tíṣà fà. Mo mú wọn lọ síbẹ̀. Wọ́n fẹ́ ta okùn gba àárín igi kọjá kí wọ́n wọn ilẹ̀ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí sì rí aṣọ tí a so mọ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ obì àkọ́kọ́. Fìlà Bàbá ti jẹrà tipẹ́. Bàbá mi fi tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀, tirẹ̀ náà jẹrà.

“Mà, ṣé a lè tú eléyìí díẹ̀?”

“Ẹni tó so ó nìkan ló lè tú u.”

“Níbo la ti lè rí wọn, mà?”

“Bàbá wa àgbà ni. Wọ́n ti sùn.”

Ó wo aṣọ náà, ó sì wo orí mi, torí ìdajì tó kù lára aṣọ náà ni mo fi wé gèlè. Wọ́n ti kọ́ ọ nílé, kò sọ ohun tó rí. Ó rọra ká okùn rẹ̀, ó ní, “Wọ́n wá ní kí ẹ máa wò ó fún àwọn, mà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Títí dìgbà wo?”

Mo tọwọ́ bọ àpò, mo fún un lóbì.